Ilé Èéfín Tí A Kó Kọjá Omi

Òórùn ni èèyàn fi ń kọ́kọ́ mọ ilé èéfín ìyá ìyá mi kí ojú tó rí i. Bí ọkọ̀ wa bá ti yọ lẹ́yìn àwọn igi ẹ̀gbà, àwọn igi tí gbòǹgbò wọn máa ń nasẹ̀ sínú omi iyọ̀ bí ẹsẹ̀ alákàn, òórùn ẹja ṣawá tó ń gbẹ lórí iná yóò ti wá pàdé wa lójú omi. Yóò wọ inú aṣọ, yóò wọ inú irun, kò sì sí ọṣẹ tó lè lé e jáde títí ìsinmi yóò fi parí. Nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama ní Igbókọ̀dá, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo máa ń fọ aṣọ mi lẹ́yìn ìsinmi kọ̀ọ̀kan kí àwọn ẹgbẹ́ mi má baà mọ̀ pé àárín ẹja ni mo ti ń bọ̀. Àwọn náà ń fọ tiwọn lẹ́ẹ̀mẹta. Àárín ẹja ni gbogbo wa ti ń bọ̀.

Ilé náà gùn, ó sì ga. Òpó igi ẹ̀gbà méjìlá ló gbé e dúró, mẹ́fà lápá òkun, mẹ́fà lápá ọ̀sà, èyí tó kéré jù nínú wọn sì nípọn ju itan àgbàlagbà ọkùnrin lọ. Ìtì igi mẹ́fà ló dábùú láti orí òpó apá kan dé orí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lápá kejì, orí àwọn ìtì wọ̀nyí sì ni àwọn igi òrùlé ti na apá sókè láti gbé ewé ọ̀gọ̀rọ̀ tí a rán pọ̀ bí ẹní. Ọ̀pá ọ̀gọ̀rọ̀ ni ògiri. A fi àlàfo sáàárín wọn bí eyín ọmọdé tó ń pààrọ̀ eyín, kí atẹ́gùn lè máa wọlé wá fẹ́ iná. Nísàlẹ̀, lórí iyanrìn, ààrò mẹ́jọ ló wà níbẹ̀, obìnrin mọ́kànlá pẹ̀lú ìyá ìyá mi ló sì ń yan ẹja lórí wọn. Ìyé ni gbogbo abúlé ń pe ìyá ìyá mi yìí, bí àwa ará etí omi ṣe ń pe ìyá. Opó ni púpọ̀ nínú àwọn obìnrin náà. Ilé èéfín yìí ni oko wọn, òun ni ṣọ́ọ̀bù wọn, òun náà ni ibi tí wọ́n ti ń gbọ́ ẹni tó lóyún àti ẹni tó bá ọkọ rẹ̀ jà.

Ọdún kejì mi ní pólì, níbi tí mo ti ń kọ́ iṣẹ́ yíya àwòrán ilé, ni olùkọ́ wa pàṣẹ pé kí kálukú lọ sí ìlú rẹ̀, kó wá ilé àtijọ́ kan, kó wọ̀n ọ́n láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé, kó sì yà á sórí bébà. Àwọn ẹgbẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí wọ́n ní. Ẹnìkan ní ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì baba ńlá òun ní ọnà lára ilẹ̀kùn. Òmíràn ní ààfin ni tòun. Nígbà tó kàn mí, mo ní a ní ilé kan tí a ń kó èrè oko sí. Irọ́ kọ́ ni pátápátá, nítorí òkun ni oko wa, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mo ń fi pamọ́. Mo ti pinnu lọ́kàn mi pé bí mo bá dé Igbókọ̀dá, ilé ìjọsìn àtijọ́ kan tí kò jìnnà sí èbúté ni màá wọ̀n, màá sì padà sí pólì láìfojú kan èéfín. Igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Igi náà gún mi lójú. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ni ọ̀kan nínú àwọn obìnrin ilé èéfín, tó kó ẹja wá tà lọ́jà, rí mi. Kò bi mí ní ìbéèrè kankan. Ó gba báàgì mi, ó jù ú sínú ọkọ̀ alẹ́ńjìnnì, ó ní, “Ìyé ti ń retí ẹ láti àná,” bẹ́ẹ̀ ni n kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé mò ń bọ̀. Ọkọ̀ gbéra. Ilé ìjọsìn mi wà níbẹ̀ tó ń wò mí lọ.

Mo ti ra akoto funfun kan nígbà náà, irú èyí tí àwọn ẹ̀ńjíníà máa ń dé níbi iṣẹ́, mo sì ra tépù gígùn àti ìwé ẹlẹ́yìn líle. Nígbà tí mo fẹ́ wọ ilé èéfín láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo dé akoto náà, mo so okùn rẹ̀ mọ́ àgbọ̀n. Àwọn obìnrin dáwọ́ dúró. Ẹni tó gba báàgì mi ní èbúté gbójú sókè wo òrùlé fún ìgbà díẹ̀, ó wá wò mí.

“Ẹ̀ńjíníà,” ó ní, “ṣé o rí àgbọn lókè yẹn ni?”

Láti ọjọ́ náà, Ẹ̀ńjíníà ni orúkọ mi. Títí di òní, bí mo bá wọ abúlé, òun ni wọ́n ń pè mí, àwọn ọmọ tí a kò tí ì bí nígbà náà sì rò pé orúkọ tí wọ́n fún mi nígbà ìsọmọlórúkọ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo na tépù láti òpó iwájú síhà òkun ni ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi. Abúlé wa wà ní ìkángun Ararọ̀mí, lórí iyanrìn tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà láàárín òkun àti ọ̀sà. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí a bá fẹ́ lọ wẹ òkun, a óò la ẹ̀yìnkùlé ilé méjì kọjá, a óò kọjá láàárín igi àgbọn, a óò sì tún sáré díẹ̀ kí ẹsẹ̀ tó kan omi. Ilé méjèèjì ti lọ. Igi àgbọn kan ṣoṣo ló kù, ó sì ti dùbúlẹ̀ sínú ìgbì, ó ń mi orí bí ẹni tó ń gba ìyànjú. Mo fi ẹsẹ̀ kà á, ìṣísẹ̀ mọ́kànlélógún ló kù láàárín òkun àti ilé èéfín. Nígbà tí mo tún un kà lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, ó ti di ogún dín kan.

Mo lọ bá Ìyé níbi tó ti ń tú ẹja sórí àtẹ.

“Ìyé, òkun ti sún mọ́ yín jù.”

“Mo gbọ́. Òun náà ń sọ ọ́ lálaalẹ́. A máa kó lọ sí ilẹ̀ ọkọ mi lápá Etikan, lẹ́bàá omi inú, kí àkókò ṣawá tó dé.”

“Kí ni ẹ máa kó lọ?”

“Ilé.”

Mo rò pé àwọn àtẹ àti ìkòkò ló ń wí. Nígbà tó yé mi pé ilé gan-an ló ní lọ́kàn, mo jókòó tì í, mo sì fi sùúrù ṣàlàyé, irú sùúrù tí èèyàn fi ń bá ẹni tí ibà ń ṣe sọ̀rọ̀, pé ilé kì í ṣe báàgì. Mo ní ibi tí a bá kọ́ ilé sí ni ilé ń wà. Obìnrin tó ti lo ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún lábẹ́ òrùlé yẹn tẹ́tí sí mi títí mo fi parí, ó sì bi mí bóyá mo ti jẹun.

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi ya ilé èéfín tuntun. Ògiri búlọ́ọ̀kù, òrùlé páànù aláwọ̀ búlúù, fèrèsé onígíláàsì tí a lè tì pa nígbà òjò. Mo kun iyanrìn iwájú rẹ̀ ní pupa, mo sì gbin òdòdó sí i, nínú ilẹ̀ tí koríko gan-an kò fẹ́ hù. Mo pe Ìyé, mo sì pe Bàbá kanlékanlé wá wò ó. Bàbá yìí ló ń gbẹ́ ọkọ̀ tó sì ń kọ́lé fún gbogbo agbègbè wa. Òun àti bàbá ìyá mi, ọkọ Ìyé tó ti di olóògbé, ni wọ́n jọ kọ́ ilé èéfín nígbà tí àwọn méjèèjì ṣì jẹ́ ọ̀dọ́. Ọkùnrin kúkúrú ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó sì máa ń ki ọwọ́ méjèèjì bọ abíyá bí ẹni tí òtútù ń mú, kódà nínú oòrùn. Bó bá fẹ́ tọ́ka sí nǹkan, àgbọ̀n ló fi ń tọ́ka.

Àwọn méjèèjì wo àwòrán náà pẹ́. Inú mi ti ń dùn.

“Ó rẹwà,” ni Ìyé wí níkẹyìn. “Níbo ni èéfín máa gbà jáde?”

Mo wo bébà mi. Mo yí i sí ọ̀tún, mo yí i sí òsì. Mo ti fi ọjọ́ mẹ́ta ya ilé èéfín, n kò sì rántí èéfín. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tó yọjú wò ó láti ẹ̀yìn ní kò burú, ó ní bí a bá ti fèrèsé náà pa dáadáa, ẹja á gbẹ, àwa náà á gbẹ. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ẹja kan fi jóná. Bàbá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹ jẹ́ kó wá bá mi tú ti àtijọ́ ná. Bó bá tú u, á mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ.”

Bí mo ṣe di ọmọ iṣẹ́ nìyẹn, èmi tí mo wá gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá. Ewé òrùlé ni a kọ́kọ́ kó, lẹ́yìn náà ni ọ̀pá ògiri, títí ilé fi ku egungun. Ìgbà yẹn ni mo tó rí i pé kò sí ìṣó kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Bàbá ní ìṣó kì í pẹ́ lẹ́bàá òkun, iyọ̀ á jẹ ẹ́ tán kí ẹni tó kàn án tó gbàgbé ìnáwó rẹ̀. Orí òpó kọ̀ọ̀kan ni wọ́n gbẹ́ ihò sí, ẹnu ni wọ́n ń pe ihò náà. Ìdí ìtì igi kọ̀ọ̀kan ni wọ́n gbẹ́ tínrín, ahọ́n ni wọ́n ń pe ìyẹn. Ahọ́n á wọ ẹnu, wọ́n á wá lu ihò já àwọn méjèèjì láti ẹ̀gbẹ́, wọ́n á sì fi èèkàn igi dè wọ́n pa. Èéfín gbogbo ọdún wọ̀nyẹn ti kun igi náà dúdú mìnìjọ̀, ikán kò sì dá a láṣà.

Mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà sára gbogbo igi, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé mi. Bàbá wò mí, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ kẹta, ó fẹ́ lọ sí Ararọ̀mí lọ yá ọkọ̀ ńlá tí a óò fi kó igi. Kó tó lọ, ó fi àgbọ̀n tọ́ka sí ọ̀kan nínú ìtì igi méjì tó wà láàárín, ó ní, “Má fọwọ́ kan ìyẹn títí n óò fi dé.” Mo dáhùn pé mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n a kì í mọ̀ ọ́n rìn kí orí má mì. Bó ṣe lọ tán, mo wo òkun, mo wo ìtì igi náà, mo rò ó pé bí mo bá sọ ọ́ kalẹ̀ kó tó dé, yóò mọ̀ pé ilé ìwé dára. Mo lu èèkàn rẹ̀ jáde. Ìtì igi kò mira. Mo ní kí àwọn ọkùnrin méjì tó ń bá wa ṣiṣẹ́ fi èjìká gbé e sókè. Kò mira. Mo bá gun àkàbà, mo fi ayùn gé e kúrò lẹ́nu òpó níhìn-ín, mo sì gé e lọ́hùn-ún. Ó sọ̀ kalẹ̀ wẹ́rẹ́. Inú mi dùn débi pé mo kọ àkókò tó gbà mí sínú ìwé.

Oòrùn ń rẹlẹ̀ lọ nígbà tí Bàbá dé. Ó dúró lábẹ́ òpó, ó wo ẹnu rẹ̀ níbi tí kùkùté igi ti dí i pa.

“Ta ló gé e láhọ́n?”

“Èmi ni, Bàbá. Ó kọ̀ láti jáde ni.”

“Kò kọ̀. Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló dì í mú. Ká ní o dúró kí a tú wọn, ọmọ ọwọ́ ì bá fà á yọ.” Ó fi àgbọ̀n tọ́ka sí ìtì tó wà nílẹ̀. “Ó ti kúrú báyìí. Kò lè dé ẹnu òpó kejì mọ́.”

Kò pariwo. Ká ní ó pariwo ni, ó ṣeé ṣe kí n rí ọ̀rọ̀ fi gbèjà ara mi. Ìyé wá, ó wo igi tó wà nílẹ̀, ó sì jókòó lé e lórí. Gbogbo àwọn obìnrin dúró, ẹnikẹ́ni kò pè mí ní Ẹ̀ńjíníà. Láìsí ìtì yìí, àwọn òpó méjì tó ga jù kò ní dì mú ara wọn, bí wọn kò bá sì dì mú ara wọn, òrùlé kò lè dúró. Ìgbì òkun ń dún lẹ́yìn wa. Ṣawá kò ní dúró de ẹnikẹ́ni, ilé sì ti tú ká. Mo lọ sẹ́yìn ọkọ̀ kan tí a dojú rẹ̀ dé, mo sì sunkún níbi tí mo rò pé wọn kò ti rí mi. Ìyé gbé pupuru àti ọbẹ̀ wá síbẹ̀, ó gbé e kalẹ̀, ó ní kí n yára jẹ ẹ́ kó má tutù, ó sì padà lọ.

Ní òwúrọ̀, Bàbá ní kí n wá wa ọkọ̀. A wọ inú igbó ẹ̀gbà, èmi lẹ́yìn pẹ̀lú àjẹ̀, òun níwájú pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ lábíyá, tó ń fi àgbọ̀n darí mi. Ọkọ̀ náà ń jò. Mo wá nǹkan tí a lè fi gbọ́n omi, kò sí, bí akoto mi ṣe di igbá nìyẹn, mo sì lè jẹ́rìí pé kò tí ì ṣiṣẹ́ kankan tó tó ìyẹn láti ọjọ́ tí mo ti rà á. Ọjọ́ méjì la fi wá igi. Àwọn tó wà nítòsí ti tínrín jù, nítorí àwọn àgbà rẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ti gé fi dáná. Bí mo bá rí èyí tó wù mí, Bàbá á ní kí n fi ìdí àáké lù ú, kí n sì gbọ́ ohùn rẹ̀. Èmi kì í gbọ́ nǹkan kan ju pé mo lu igi. Òun á mi orí, a ó sì tún wọ ẹrẹ̀ dé itan. Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, mo lu ọ̀kan, mo sì dáwọ́ dúró fúnra mi. Ó dún bí ìgbà tí èèyàn kan ilẹ̀kùn ilé tí àwọn onílé wà nínú rẹ̀. Mo wo Bàbá.

“O gbọ́ ọ?” ó ní.

“Mo gbọ́ ọ.”

“Ó dáa. Wá gé e.”

A fi okùn fà á lórí omi délé. Mo rò pé iṣẹ́ mi ti parí. Bàbá jókòó sórí ìdí ọkọ̀, ó ní kí wọ́n gbé irin ìgbẹ́gi àti òòlù onígi fún mi, níwájú gbogbo obìnrin mọ́kànlá.

“Ìwọ lo gé ti àkọ́kọ́,” ó ní. “Ìwọ ni o máa gbẹ́ èyí.”

Láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ni mo fi gbẹ́ ahọ́n méjì. Òun á sọ pé kí n gbẹ́ díẹ̀ sí i lápá òsì, kí n dúró, kí n fọwọ́ tọ́ ọ. Àtẹ́lẹwọ́ mi bó. Àwọn obìnrin náà kò lọ. Wọ́n kó àwọ̀n wá síbẹ̀, wọ́n ń tún un ṣe, wọ́n sì ń wò mí bí ẹni ń wo abiyamọ tó ń rọbí. Nígbà tí mo parí, ahọ́n kejì yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan díẹ̀. Mo fi hàn án tìtìjú-tìtìjú. Bàbá wò ó, ó ní, “Ahọ́n tìrẹ náà kò tọ́, ó sì ń sọ̀rọ̀.” Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọjọ́ mẹ́rin tí ẹnikẹ́ni rẹ́rìn-ín nítòsí mi.

A kó igi sínú ọkọ̀ ńlá mẹ́ta, a sì kọrí sápá Etikan. Òjò rọ̀ lójú omi. Nígbà tí a máa fi dé, tí a sì to igi sórí ilẹ̀, gbogbo nọ́ńbà tí mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ ti bá omi lọ. Igi dúdú jọ igi dúdú. Mo ṣí ìwé mi, mo rí i kà pé ìkẹrin bá ìkarùn-ún pàdé, n kò sì mọ èwo ni ìkẹrin. Bàbá jẹ́ kí n dààmú tó bó ṣe tọ́ sí mi, lẹ́yìn náà ló wá fi ẹsẹ̀ yí òpó kan padà. Lẹ́bàá ẹnu rẹ̀, lábẹ́ èéfín, àpá ọ̀bẹ mẹ́ta wà níbẹ̀. Lára ahọ́n tó ń bá a lọ, mẹ́ta wà níbẹ̀. Èyí tó jẹ́ ti apá òkun, àpá rẹ̀ dúró gbọnrangandan. Èyí tó jẹ́ ti apá ọ̀sà, wọ́n fa ìlà kan dábùú rẹ̀.

“Àpá ta ni, Bàbá?”

“Ti bàbá ìyá rẹ. Ìwọ rò pé ìgbà àkọ́kọ́ tí ilé yìí máa wọ ọkọ̀ nìyí?”

Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti kó o tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó bí mi. Ìyé ló wá sọ ìyókù fún mi, bí a ti ń gbẹ́ ihò tí òpó máa wọ̀ nínú ilẹ̀. Ó ní ìgbàkígbà tí wọ́n bá hú u, ìdí òpó tó wà nínú ilẹ̀ á ti jẹrà, wọ́n á gé ibẹ̀ sọnù, ilé náà á sì kúrú díẹ̀ sí i. Ó ní nígbà tí òun dé bí ìyàwó, ẹni tó ga jù ní abúlé kì í fọwọ́ kan ìtì igi. “Èmi náà ga nígbà náà,” ó ní. “À ń kúrú bọ̀ pọ̀ ni.”

Ọjọ́ tí a gbé e dúró, àwọn ọkùnrin wá láti abúlé mẹ́ta. Àwọn ìtì yòókù wọlé láìsí wàhálà. Nígbà tó kan tèmi, wọ́n gbé e sókè, ahọ́n rẹ̀ kan ẹnu òpó, ó sì dúró síbẹ̀. Wọ́n tún un gbé. Kò wọlé. Òógùn ń já bọ́ lójú àwọn ọkùnrin. Mo wà lórí àkàbà, n kò lè wo ìsàlẹ̀. Bàbá ní kí wọ́n gbé epo pupa fún mi. Mo fi ìka ra epo náà sí ẹ̀gbẹ́ ibi tó yẹ̀, mo sì lu ìdí rẹ̀ pẹ̀lú òòlù onígi lẹ́ẹ̀kan. Ó fọhùn, ó sì wọlé. Mo gbá èèkàn mọ́ ọn. Òrùlé kò tí ì sí lórí ilé náà nígbà tí Ìyé gbé àtùpà wá dáná sí ààrò àkọ́kọ́. Ó ní kí igi mọ̀ pé a kò gbàgbé òun.

Ṣawá dé, ó bá wa nílé. Kí òjò ọdún náà tó dáwọ́ dúró, òkun ti gba ojú ilé wa àtijọ́, ó sì kọjá ibẹ̀.

Nígbà tí mo padà sí pólì, mo fi àwòrán mi hàn níwájú kíláàsì, èéfín àti gbogbo rẹ̀. Olùkọ́ wa béèrè ọdún tí wọ́n kọ́ ilé náà. Mo bi í pé èwo nínú wọn. Ó rò pé mo ń ṣe àfojúdi, ó sì gba máàkì díẹ̀ lọ́wọ́ mi.

Iṣẹ́ ilé yíyà ni mo ń ṣe jẹun ní Àkúrẹ́ báyìí. Ìyé ti sùn. Àwọn ọmọ àwọn obìnrin ìgbà náà ló ń yan ẹja níbẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo máa ń sọ ìtàn ahọ́n igi yìí fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, mo sì máa ń parí rẹ̀ pé àgbà tó gbọ́n kì í na ọmọ, iṣẹ́ tí ọmọ bà jẹ́ ló ń dá padà fún un. Ọ̀rọ̀ náà máa ń dùn mọ́ mi lẹ́nu.

Nígbà tí Bàbá kanlékanlé wà lórí àìsàn tó gbẹ̀yìn, mo lọ kí i. Mo bu omi fún un, kò lè di ife náà mú, mo sì bá a dì í. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà. Ó wò mí fún ìgbà pípẹ́, bí ẹni tó ń rò ó bóyá kí òun jẹ́ kí n máa gbádùn ìtàn mi lọ.

“Ẹ̀kọ́ wo?” ó ní. “Ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n láti ọdún tó ṣáájú ìyẹn. N kò lè di irin mú mọ́. N kò mọ bí n óò ṣe sọ ọ́ fún Ìyé rẹ, ó ti fi gbogbo ọkàn gbé ilé náà lé mi lọ́wọ́. Ìgbà tí o gé igi yẹn, inú bí mi. Ìgbà tó yá, mo ní ọlọ́wọ́ dé.”

Mo jókòó tì í. Níta, wọ́n ń já igi sílẹ̀ létí omi, ohùn àwọn obìnrin ń wọlé wá. Ó ní kí n jẹ́ kí òun rí àtẹ́lẹwọ́ mi. Mo na án sí i, ó sì fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tó ń gbọ̀n dì í mú títí oorun fi gbé e lọ.